Kámẹ́rà fọ́tò lẹ fẹ́ fi ká fídíò? Ẹ gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì pupa

Fọ́tò yín dára, àwọn èèyàn sì ń yìn ín. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan ní kí ẹ bá òun ká fídíò díẹ̀. Ẹ yí kámẹ́rà sí ti fídíò, ẹ tẹ bọ́tìnì pupa, ó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹ délé tí ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ni ẹ tó rí i: ìmọ́lẹ̀ ń lọ sókè sódò bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń dán tán, ó tún ń ṣe bàìbàì, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ohùn rẹ̀ sì jìnnà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga.

Kámẹ́rà kò bàjẹ́, ọwọ́ yín náà kò burú. Àṣà fọ́tò lẹ gbé wọ inú fídíò. Bí kámẹ́rà bá fúnra rẹ̀ yan ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti focus (ibi tí àwòrán ti máa mọ́ kedere) fún fọ́tò, ẹ̀ẹ̀kan ló máa yàn án, ọ̀rọ̀ ti parí. Nínú fídíò, gbogbo ìgbà tí nǹkan bá yí padà díẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ń tún un yàn, òǹwòran sì ń rí gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń yàn án. Nítorí náà, iṣẹ́ wa kò ju ọ̀kan lọ: ká gba ìpinnu kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kámẹ́rà, ká dè é mọ́lẹ̀, ká tó tẹ bọ́tìnì. Orúkọ tí ẹ ó bá pàdé nínú mẹ́nù kámẹ́rà yín ni mo máa fi pe nǹkan, kí ẹ lè tètè rí i.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

- Kámẹ́rà tó gbà kí ẹ fọwọ́ ara yín yan nǹkan nígbà fídíò, ìyẹn èyí tó ní lẹ́tà M. Bí ẹ bá rò pé M tiyín wà fún fọ́tò nìkan, ẹ wo inú mẹ́nù fídíò dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí.
- Káàdì tí wọ́n kọ V30 tàbí U3 sí lára. Méjì sàn ju ọ̀kan lọ.
- Bátìrì méjì, ó kéré tán. Fídíò kì í jẹ́ kí kámẹ́rà sinmi, bátìrì ló ń san gbèsè rẹ̀.
- Tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé), tàbí tábìlì tí kì í mì.
- Maikirofóònù tó ṣeé fi sí ihò 3.5 mm, tàbí fóònù tí ẹ lè fi gba ohùn lọ́tọ̀.
- Hẹ́ẹ̀dìfóònù. Ẹ má fojú kéré rẹ̀.
- ND filter, ìyẹn dígí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, tó bá ẹnu lẹ́ńsì yín mu, bí ẹ bá máa ká níta nínú oòrùn.

N kò ka iná mọ́ ọn. Fèrèsé ńlá kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ sàn ju iná wẹ́wẹ́ tí ẹ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ.

1. Ẹ mọ ohun tí káàdì yín lè gbé

Nọ́ńbà tó tóbi jù lára káàdì kọ́ ló sábà máa ń kàn wá. Ìyára kíkà jáde ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà; kíkọ wọlé ni tiwa. V30 túmọ̀ sí pé kíkọ wọlé rẹ̀ kò ní kéré sí 30 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí mẹ́nù bá kọ 100 Mbps, b kékeré (bit) ni, kì í ṣe B ńlá (byte), b mẹ́jọ ló sì wà nínú B kan. Ẹ pín 100 sí ọ̀nà 8, ó di 12.5 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 750 MB ní ìṣẹ́jú kan, 45 GB ní wákàtí kan. Káàdì 64 GB yóò kún kí wákàtí kan ààbọ̀ tó pé. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò kì í gba èyí gbọ́, àfi ọjọ́ tí kámẹ́rà bá dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Inú kámẹ́rà ni kí ẹ ti format káàdì (kí ẹ nù ún mọ́ pátápátá), kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kí àyà yín já bí kámẹ́rà bá dúró fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, pàápàá àwọn tó ti pẹ́, ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀. Àwọn mìíràn ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá pé 4 GB. Gbogbo ègé náà ni kí ẹ kó, wọn yóò so pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tò ó.

Ẹ dán an wò: ẹ yan fídíò tó wúwo jù nínú kámẹ́rà yín, ẹ ká igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ ewé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ewé tó ń mì máa ń fún kámẹ́rà níṣẹ́ ju ògiri lọ. Bí ó bá dá dúró fúnra rẹ̀, káàdì náà kò tó o gbé.

2. Ìwọ̀n àwòrán àti iye férémù

1080p jẹ́ 1920 × 1080. 4K jẹ́ 3840 × 2160, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ gẹ́lẹ́. 4K wúlò bí ẹ bá fẹ́ gé àwòrán kù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ń mú kí kámẹ́rà gbóná, ó ń fa kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀, àwọn kámẹ́rà kan sì ń fi àárín sẹ́ńsọ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) nìkan ká a, lẹ́ńsì yín á wá rí tóóró ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, 1080p tó dúró dáadáa sàn ju 4K tó ń ṣẹ́jú lọ.

Fún iye férémù (iye àwòrán tí kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), iná mànàmáná ibi tí ẹ wà ni kí ẹ bi. Níbi tí iná bá jẹ́ 50 Hz, ẹ mú 25. Níbi tó bá jẹ́ 60 Hz, ẹ mú 30. Bí ẹ kò bá rí 25 nínú mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ PAL àti NTSC sí. PAL ló ń gbé 25 àti 50 jáde, NTSC ló ń gbé 30 àti 60 jáde. Ẹ fi 50 tàbí 60 sílẹ̀ fún ohun tí ẹ bá fẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀.

3. Shutter: ibi tí ọwọ́ ayafọ́tò ti máa ń ṣì jù

Shutter ni àkókò tí sẹ́ńsọ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kan: 1/50 jẹ́ ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó ń ya fọ́tò fẹ́ràn shutter tó yára. 1/500, 1/1000, kí nǹkan dúró gbọn-in. Nínú fídíò, ìyára yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́. Ìlànà rẹ̀ rọrùn: ẹ fi 2 sọ iye férémù di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 25, shutter yóò jẹ́ 1/50. Bí ó bá jẹ́ 30, yóò jẹ́ 1/60. Bí ó bá jẹ́ 50, yóò jẹ́ 1/100.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tábìlì, ẹ ju ọwọ́ síwájú rẹ̀ ní 1/50, kí ẹ tún jù ú ní 1/1000. Nínú àkọ́kọ́, ìka yín yóò fa ìrù díẹ̀ lẹ́yìn bí ó ti ń kọjá, bí ojú wa ṣe ń rí i gan-an nìyẹn. Nínú èkejì, ìka náà mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí àkèré.

Shutter yìí kan náà ló ń pinnu bóyá ògiri yóò ṣẹ́jú. Iná tó wà lórí 50 Hz ń tàn, ó ń rẹlẹ̀, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú wa ni kò rí i. 1/50 tàbí 1/100 máa ń gba ìtànṣán náà ní odidi, nítorí náà gbogbo férémù rí bákan náà. 1/80 ń gba ọ̀kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, apá kan àwòrán á mọ́lẹ̀, apá mìíràn á ṣókùnkùn. Lórí 60 Hz, 1/60 tàbí 1/120 ni kí ẹ dì mú. Bí ìdí kan bá mú kí ẹ ká 30 níbi tí iná ti jẹ́ 50 Hz, férémù lè dúró ní 30, ṣùgbọ́n ẹ gbé shutter sí 1/50 tàbí 1/100. Ti iná ni kó máa ṣe.

Iná LED kan wà tí kì í gbọ́ràn sí gbogbo èyí, pàápàá tí wọ́n bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹ tàn án dé òpin. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ pa á.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ dojú kámẹ́rà kọ ògiri funfun lábẹ́ iná yàrá, ẹ ká a fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí ọ̀já dúdú tó ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ kò tíì dé ibi tó yẹ.

4. Aperture, ISO àti oòrùn

Shutter ti wà ní dídè, aperture (ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì; bí nọ́ńbà f rẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe gbòòrò tó) àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó gbà sókè) ló kù tí ẹ lè fi ṣàkóso ìmọ́lẹ̀. Ohun àkọ́kọ́: ẹ pa Auto ISO. Òun ni baba ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè sódò.

Fún ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, f/4 sí f/5.6 ni mo fara mọ́. Mo mọ̀ pé f/1.8 ń wu èèyàn, ẹ̀yìn á yọ́ bí òwú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í dúró bí ère. Ó máa tẹ̀ síwájú, ó máa rẹ́rìn-ín, ó máa mi orí, etí rẹ̀ lá wá máa dán nígbà tí ojú ti di bàìbàì. Bí lẹ́ńsì yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ 3.5–5.6 sí lára, ẹ rántí pé aperture rẹ̀ ń kéré sí i bí ẹ bá ti ń zoom, àwòrán á sì ṣókùnkùn lójú ẹni.

Wàyí o, ìta. Nínú oòrùn ganrínganrín, ISO 100 àti f/16 ló bá shutter 1/100 mu. Bí ẹ bá fẹ́ f/4 ní 1/50, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti di ìlọ́po 32 ohun tó yẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá padà sọ́dọ̀ shutter, tí wọ́n á gbé e sí 1/2000, tí gbogbo èèyàn inú fídíò á máa fò bí àkèré ìjẹta. ND32 ni ìdáhùn. Dígí dúdú lásán ni, bí awò oòrùn tí a fi bo lẹ́ńsì lójú: ND8 ń gba ìdá kan nínú 8 wọlé, ND64 ń gba ìdá kan nínú 64. Èyí tí wọ́n ń yí, tó lè dín ín kù tàbí fi kún un, dára, ṣùgbọ́n ẹ má yí i dé òpin, ó máa ń fi àmì àgbélébùú dúdú sójú àwòrán. Bí kò bá sí ND rárá, ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji.

Ìkìlọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: fídíò tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fọ́tò ń ká kì í ṣe RAW, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí. Ibi tó bá ti funfun kọjá ààlà ti lọ nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí yóò dá a padà. Ẹ tan zebra (ilà tó ń hàn níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù) nínú mẹ́nù, ẹ gbé e sí 100. Bí ilà abilà bá hù sí iwájú orí ẹni tí ẹ ń ká, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀run nìkan ló hù sí, ẹ jẹ́ kó lọ. Ojú èèyàn la wá ká.

Ẹ dán an wò: ẹ tẹ bọ́tìnì, kí ẹ gbé aṣọ funfun kan kọjá níwájú lẹ́ńsì. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣókùnkùn bí aṣọ náà ti wọlé, tó tún mọ́lẹ̀ bó ti jáde, ohun kan ṣì wà lórí auto. Ẹ wá a rí.

5. Àwọ̀

Ẹ pa auto white balance, èyí tí kámẹ́rà fi ń yan àwọ̀ fúnra rẹ̀. Oòrùn tàbí fèrèsé, ẹ kọ 5600 K. Gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ti àtijọ́, 3200 K. Bí fèrèsé àti gílóòbù bá jọ ń tàn sí ojú ẹnìkan náà, ìdajì ojú á rí bí ọsàn, ìdajì á rí bí aró. Kò sí nọ́ńbà tí yóò bá méjèèjì rẹ́, ẹ pa gílóòbù. Ẹ má sì fọwọ́ kan Log (irú fídíò aláwọ̀ ṣíṣá tí wọ́n ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà) tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá, títí ẹ ó fi lè ṣe gbogbo ohun tó wà níbí láìwo ìwé.

6. Focus

Autofocus tí wọ́n ṣe fún fọ́tò máa ń wá nǹkan rí, á sì dúró. Nínú fídíò, ó tún máa ń wá nǹkan mìíràn láàárín ọ̀rọ̀: á kọjá síwájú, á padà, á tún kọjá. Òǹwòran á rí gbogbo rìnkèrindò yẹn.

Bí ẹni tí ẹ ń ká bá jókòó sójú kan, ẹ fọwọ́ ṣe é. Ẹ gbé lẹ́ńsì sí MF, ìyẹn focus àfọwọ́ṣe. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń sọ àwòrán di ńlá, ẹ gbé e sórí ojú tó súnmọ́ yín jù, ẹ yí òrùka lẹ́ńsì títí irun ìpéǹpéjú yóò fi yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tún yí i kọjá díẹ̀ kó bàjẹ́, kí ẹ wá padà síbi tó ti dára jù. Kíkọjá díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ ká a ni kí zoom wà kí ẹ tó ṣe èyí, nítorí ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì fọ́tò kì í di focus mú bí ẹ bá zoom lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe é tán.

Bí onítọ̀hún bá ń rìn, tí kámẹ́rà yín sì jẹ́ irú èyí tó ń dá ojú èèyàn mọ̀, ẹ lè fún un ní focus nìkan, kí ẹ dín ìyára autofocus rẹ̀ kù nínú mẹ́nù. Bí kámẹ́rà bá ti pẹ́, ẹ lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ ilẹ̀ níbi tí yóò dúró sí, kí ẹ ti ṣe focus síbẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Ẹ ṣọ́ra fún ìka ìlábẹ̀ yín! Ó ti mọ́ ọn lára láti tẹ bọ́tìnì fọ́tò ní ìdajì kó lè ṣe focus. Bí ó bá ṣe é nígbà tí fídíò ń lọ, kámẹ́rà tó wà lórí autofocus yóò bẹ̀rẹ̀ ìwákiri lójú gbogbo ayé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ká ìṣẹ́jú-àáyá 20, ẹ dá a dúró láàárín, ẹ sọ ọ́ di ńlá. Ojú kámẹ́rà kéré, gbogbo nǹkan ló máa ń dán lórí rẹ̀. Irun ìpéǹpéjú ni ẹlẹ́rìí yín.

7. Kí kámẹ́rà dúró

Lórí tripod, ẹ pa stabiliser lẹ́ńsì (ohun tó ń dènà mímì), pàápàá tí lẹ́ńsì náà bá ti pẹ́. Nígbà mìíràn ó ń wá ìmìtìtì tí kò sí, àwòrán á máa rìn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ mú un, ẹ tàn án. Ẹ fi okùn kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ẹ tì í síwájú kí okùn náà le, ẹ fún ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà, ẹ lo lẹ́ńsì tó gbòòrò. Ẹ má yí kámẹ́rà kíákíá sọ́tùn-ún sósì: òpó tó dúró ṣánṣán á tẹ̀ bí igi tí ìjì ń fẹ́, nítorí pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ń ka àwòrán, ní ilà lẹ́yìn ilà.

8. Ohùn

Àwòrán tí kò dán tó, èèyàn á fara dà á. Ohùn tí a kò gbọ́, wọn á pa á. Ibí yìí ni kí ẹ náwó sí ṣáájú lẹ́ńsì tuntun.

Maikirofóònù inú kámẹ́rà jìnnà sí ẹnu, ó sì súnmọ́ ọwọ́ yín. Ìka yín, mọ́tò lẹ́ńsì, èémí yín, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Gbogbo ìgbà tí ọ̀nà láti ẹnu sí maikirofóònù bá di ìlọ́po méjì, ohùn ń fi 6 dB (dB ni ìwọ̀n agbára ohùn) lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo yàrá kò lọ síbì kankan. Nítorí náà ni èyí tí a fi há aṣọ, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì sábẹ́ àgbọ̀n, fi máa ń lu ti orí kámẹ́rà mọ́lẹ̀.

Ẹ wo orí okùn rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ti fóònù ní òrùka dúdú mẹ́ta, ti kámẹ́rà ní méjì. Ti fóònù lè wọ ihò kámẹ́rà dáadáa kó má sì gba ohùn kankan wọlé, àfi tí ẹ bá fi okùn tó ń yí i padà (adapter) sí i. Ẹ tì í wọlé títí yóò fi dún. Ìdajì wíwọlé ló ń fa ohùn etí kan.

Ẹ pa auto level ohùn. Bí a bá dákẹ́, ó máa gbé ariwo yàrá sókè bí òjò. Bí a bá sọ̀rọ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹ ní kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀ bó ṣe máa sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe kó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ sì gbé e síbi tí ohùn tó ga jù yóò ti máa kan −12 dB. Bó bá kan 0, ó ti ya.

Bí kámẹ́rà yín kò ní ihò, ẹ fi fóònù sínú àpò àyà rẹ̀, kó máa gba ohùn, kí ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ẹnikẹ́ni má pè. Lẹ́yìn tí méjèèjì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú lẹ́ńsì. Ibi tí ọwọ́ ti pàdé nínú àwòrán àti ibi tí ohùn ti ta gọ́ńgọ́ nínú fáìlì fóònù ni ẹ ó fi so wọ́n pọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: hẹ́ẹ̀dìfóònù létí, ojú ní dídì, ìṣẹ́jú-àáyá 30. Fáànù, fíríìjì, ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń kan tábìlì, ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ gbogbo wọn. Ẹ pa èyí tó ṣeé pa.

9. Kíká gan-an

Mo ti ká bàtà ara mi fún ìṣẹ́jú 14 rí. Ìka mi ti kan bọ́tìnì láìmọ̀, kámẹ́rà ti ń ká. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí mo wá tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, ńṣe ni mo dá a dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, mo tún tẹ̀ ẹ́ láti pa á, ó bẹ̀rẹ̀ ni. Ilẹ̀, bàtà mi, àti ohùn mi tí mo ń sọ fún ẹnìkan pé iṣẹ́ tòní lọ dáadáa ni mo bá nínú káàdì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá tẹ bọ́tìnì, n kì í wo àmì pupa nìkan. Mo máa ń wo aago tó ń kà, títí yóò fi kọjá 5, kí n tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá parí, mo tún ka 5 kí n tó pa á. Ẹni tó máa to fídíò náà nílò ààyè yẹn, bó jẹ́ èmi fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí ibì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ká tó ìṣẹ́jú-àáyá 10 láìyí, láìzoom. Ẹ ká gbogbo yàrá, ẹ ká èèyàn láti àyà sókè, lẹ́yìn náà ẹ ká ọwọ́ rẹ̀ nìkan: bó ṣe ń pa ìka pọ̀, bó ṣe ń ṣí ìwé. Ọwọ́ wọ̀nyẹn ni ẹ ó fi bo ojú ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀.

10. Kí ẹ tó tú tripod

Ẹ ṣí fáìlì àkọ́kọ́, èyí tó wà láàárín àti èyí tó kẹ́yìn, pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dìfóònù létí. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú kámẹ́rà láti fi wá ààyè. Níbẹ̀ ni ìka ti máa ń ṣì.

Nílé, ẹ da káàdì kọ sí ibi méjì tó yàtọ̀ síra. Rírí orúkọ fáìlì kò tó. Ẹ ṣí wọn, ẹ fò lọ sí ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó ṣiṣẹ́ dé ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn ní ibi méjèèjì. Ìgbà náà ni kí ẹ tó dá káàdì padà sínú kámẹ́rà, kí ẹ format rẹ̀.